Ọkàn Tí Kò Dúró Sójú Kan

Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, èrò a ti pé sí èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú, tí wọn ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wọn la ọ̀sà já sí ìlú Èkó. Oníṣẹ́ ìjọba wà nínú wọn, oníṣòwò náà sì wà níbẹ̀. Ní ẹ̀bá ọ̀sà kan náà ni apẹja, aláàárù àti àwọn tí ń wa yanrìn ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Iṣẹ́ etí omi kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń rìn káàkiri. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti so okùn kan ṣoṣo lè dúró ní èbúté kí ó máa wo ọkọ̀ bí ó ti ń léfòó lọ pẹ̀lú ẹrù olówó.

Bí a bá fi ojú inú wo ọkùnrin kan ní irú èbúté bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ ẹni ọdún 34, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ka àpò sìmẹ́ńtì bí a ti ń kó wọn wọ inú ọkọ̀. Ọdún 9 ni ó fi mu igbó, tí ó sì ń gbé tramadol mì, títí àwọn méjèèjì fi di bárakú fún un. Nígbà tí ó yá, ó gba ìtọ́jú, ó sì jáwọ́. Oṣù mẹ́rin kọjá, kò fi ẹnu kàn wọ́n mọ́. Inú àwọn ará ilé dùn, ṣùgbọ́n ohun kan kù tí kò yé ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ka àpò dé 37, ọkàn rẹ̀ a ti lọ. A tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Bí ọ̀gá bá rán an ní iṣẹ́ mẹ́ta, ìkíní nìkan ni yóò rántí. Kò lè jókòó títí ìpàdé ẹbí yóò fi parí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè é sí kọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi, má fi pa mọ́ fún mi. Ṣé o ti padà sídìí nǹkan yẹn ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, n kò padà síbẹ̀."

"Kí ló wá ń ṣe ọ́?"

Kò rí èsì fọ̀. Òtítọ́ ni ó sọ, síbẹ̀ òtítọ́ náà kò gbà á sílẹ̀. Ẹni tí a kò gbàgbọ́ nígbà tí kò mu oògùn lè bẹ̀rẹ̀ sí rò pé kò sí ìyàtọ̀ bí òun bá mu ún. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ọ̀ràn oògùn olóró kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ yìí. Ní 1966, ìjọba ológun ṣe òfin igbó tí ó lè mú kí a pa ẹni tí ó gbìn ín, tàbí kí a sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 21. Ní 1975 ni a dẹ òfin náà. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba fi òfin de oògùn ikọ́ tí kodéènì wà nínú rẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nǹkan bí 33 ni ó lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Ọtí àti tábà kò sì sí nínú òǹkà náà. Púpọ̀ ni a ti sọ nípa bí a ṣe ń bọ́ sínú pàkúté yìí. Ohun tí ó ń bá ẹni tí ó ti jáde kúrò nínú rẹ̀ ni a kì í sábà sọ.

Àrùn kan wà tí a ń pè ní ADHD, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkàn dúró sójú kan. Ní 1798, Alexander Crichton, oníṣègùn ará Scotland, kọ̀wé nípa àwọn tí ọkàn wọn kò lè dúró ti ohun kan. Ní 1902, George Still sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nípa àwọn ọmọdé tí kò lè kó ara wọn níjàánu. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà fi rò pé bí ọmọ bá ti dàgbà, àrùn náà a kúrò. A ti mọ̀ báyìí pé a máa bá ọ̀pọ̀ dàgbà. Láàárín àwọn àgbà lápapọ̀, bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú 100 ni ó ní in; ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ń gba ìtọ́jú nítorí oògùn tàbí ọtí, ó tó ẹnì kan nínú márùn-ún.

Kí ni ó fa èyí? Nínú ọpọlọ ni èròjà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ dopamine. Ó wà lára ohun tí ń jẹ́ kí iṣẹ́ wu ènìyàn í ṣe dópin, tí ó sì ń jẹ́ kí inú dùn sí èrè rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé èròjà yìí kì í ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ lára ẹni tí ó ní àrùn náà. Oògùn olóró a máa tú u jáde lọ́pọ̀ yanturu. Nítorí náà ni àwọn mìíràn fi ń sọ pé ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ mu ún ni orí àwọn kọ́kọ́ dákẹ́. Ìdákẹ́ tí a yá ni, èlé rẹ̀ sì wúwo.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lẹ́yìn oògùn ni ó ní àrùn yìí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá igbó dúró kì í rí oorun sùn dáadáa, inú a máa bí i, kì í lè fi ọkàn sí nǹkan. Púpọ̀ nínú èyí a sì rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ti tramadol àti ti ọtí náà ní ìyọnu tiwọn. Ìdí nìyí tí dókítà tí ó mọṣẹ́ kì í fi yára dá ẹjọ́. A dúró kí ara ó kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́yìn náà a bi í léèrè nípa ìgbà èwe rẹ̀, nítorí ADHD ti gbọ́dọ̀ fi ara hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12.

Ta ni yóò jẹ́rìí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn? Thomas Adeoye Lambo, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò ní Abẹ́òkúta ní 1954, ti mọ iyì ará ilé: ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó wà nítòsí, ẹbí wọn sì bá wọn gbé. Ilé ìwòsàn Àrò wà síbẹ̀, ti Yábàá náà sì wà ní òdìkejì ọ̀sà sí Ìkòròdú. Bí ọkùnrin èbúté yìí bá dé irú ibẹ̀, ìyá rẹ̀ ni ó yẹ kí ó bá a lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ó ti rí ní kékeré?"

"Ah, dókítà! Bí mo bá rán an lọ ra iyọ̀, bí ó bá kan ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó parí. A gbàgbé iyọ̀, a gbàgbé owó. Olùkọ́ rẹ̀ nà án títí, ó rẹ̀ ẹ́. A ní olórí kunkun ni."

Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wúlò ju ìwé púpọ̀ lọ, ó sì dunni pé ẹgba nìkan ni ó ti fi ń gba èsì tẹ́lẹ̀.

Bí a bá rí i pé àrùn méjèèjì wà, a ní láti tọ́jú wọn pọ̀. Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n a lè ṣi àwọn kan nínú wọn lò, nítorí náà dókítà nìkan ni ó lè pàṣẹ wọn, a sì máa ṣọ́ iye tí ó fi lé aláìsàn lọ́wọ́. Irú mìíràn bí atomoxetine kì í fa irú ewu yẹn. Kí a má gbàgbé ìtò iṣẹ́ pẹ̀lú: kí ọ̀gá rán an ní iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kí aago fóònù máa rán an létí, kí ó máa sùn lásìkò.

Fún ọkùnrin náà, ẹfun kan àti pákó kékeré kan ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí àpò mẹ́wàá bá ti wọ ọkọ̀, a fa ìlà kan. Bí ọkàn rẹ̀ bá lọ, ìlà kò lọ. Ibi tí ó ti dé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì ń ṣìṣe nígbà mìíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bi í ní ìbéèrè ìjọ́sí mọ́, bí ó bá wọlé ní alẹ́, ohun tí ó ń bi í ni pé, "Ìlà mélòó ni ẹ fà lónìí?"