Páìpù Oníka Mẹ́rin: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Dè É Mọ́ Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́ nílé. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè lẹ́ẹ̀mejì: ẹ́ńjìnnì, manifóòlù, gásíkẹ́ẹ̀tì, sàlẹ́ńsà, nọ́ọ̀tì. Ẹnu yín ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Ojú yín ni a fẹ́ kí ó mọ̀ wọ́n báyìí.

Ní Òtu níbí, àti ní gbogbo Òkè-Ògùn láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, ọkọ̀ Peugeot 504 kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ní 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Wọn kò tò ó níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ti àtijọ́ ṣì wà tí wọ́n ń ru iṣu àti èlùbọ́, àwọn kan sì wà tí olówó wọn ń tọ́jú bí ẹni tọ́jú aṣọ òkè. Ọkọ̀ tí ó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, manifóòlù rẹ̀ a máa sán. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èwo ni kí a fi rọ́pò rẹ̀? Ọ̀dọ́ yóò ní kí a ra èyí tí ń dán. Wẹ́dà yóò ní òun yóò fi páìpù ṣe é. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe, ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni yóò gbọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èéfín tí ó bá jò níbẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ẹ́ńjìnnì ń mí bí ènìyàn. Ó ń fa atẹ́gùn àti epo sínú, ó ń sun wọ́n, ó sì ń tu èéfín wọn jáde. Ẹ́ńjìnnì 504 ní ihò písítìnì mẹ́rin, ihò kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu tí ó ń gbà tu èéfín. Irin tí ó ń gba èéfín náà, tí ó ń pa á pọ̀ sínú páìpù kan tí ó lọ sí sàlẹ́ńsà, òun ni manifóòlù. Irin dídà ni èyí tí ó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Ó wúwo, ọ̀nà inú rẹ̀ kúrú, ó sì ń fara da iná. Èyí tí a ń pè ní páìpù oníka mẹ́rin nínú ẹ̀kọ́ yìí yàtọ̀. Páìpù gígùn mẹ́rin ni, ọ̀kan fún ẹnu kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wá pàdé nísàlẹ̀ bí ìka ṣe ń pàdé ní àtẹ́lẹwọ́. Header ni àwọn òyìnbó ń pè é.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Ẹ wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìsìn bá parí. Bí gbogbo ènìyàn bá ya lu ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, wọn a há mọ́ ara wọn. Bí ọ̀nà bá pọ̀, tí wọn kò pàdé títí wọ́n fi dé ojú títì, kálukú a lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Èéfín tí ó bá fi agbára jáde nínú ihò a máa fa ìyókù tẹ̀lé ara rẹ̀. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá gùn tó, tí èéfín ihò mìíràn kò sì tì í padà, inú ihò náà yóò mọ́, atẹ́gùn tuntun yóò sì rí àyè wọlé. Níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń rí agbára kún agbára. Kì í ṣe inú ariwo. A máa ń gbọ́ tí àwọn ọmọ wa ń sọ pé bí a bá yọ sàlẹ́ńsà kúrò, ọkọ̀ yóò máa fò. Etí ni ó ń tàn wọ́n jẹ.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà kò mọ̀. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í tu èéfín lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú 504, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn nìyí: 1, 3, 4, 2. Lẹ́yìn náà ni ó tún kan 1. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì fi ìka kà á. Ẹ ó rí i pé 1 àti 4 kò tẹ̀lé ara wọn rí. Ọ̀kan mìíràn máa ń wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 2 àti 3. Nítorí náà ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ so páìpù 1 pọ̀ mọ́ 4, yóò so 2 pọ̀ mọ́ 3, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ méjèèjì di ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀ a so 1 mọ́ 2 nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, iṣẹ́ náà sì yá. Ìkejì yóò tu èéfín, ojú ẹsẹ̀ ni ìkíní yóò tẹ̀ lé e, wọn yóò sì kọlu ara wọn lọ́nà. Ọkọ̀ yóò lọ o, ṣùgbọ́n owó páìpù ti ṣòfò.

Àwọn tí ó sọ iṣẹ́ yìí di gbajúmọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà, pàápàá ní Kalifóníà, ṣáájú ogun àgbáyé kejì àti lẹ́yìn tí ó parí ní 1945. Wọn a ra ọkọ̀ Ford ògbólógbòó, bí irú èyí tí ó ní ihò písítìnì mẹ́jọ, tí Ford gbé jáde ní 1932. Wọn a tú ohun tí ó wúwo kúrò lára rẹ̀, wọn a fi páìpù rọ́pò irin dídà, wọn a sì lọ sá eré ìje lórí ilẹ̀ adágún tí ó ti gbẹ, bí El Mirage. Hot rod ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Tiwọn dára fún wọn. Wọn kò ru iṣu, wọn kò sì kó èrò.

Nítorí náà, bí manifóòlù yín kò bá sán, tí ọkọ̀ yín sì ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà. Bí ó bá sán, ẹ kọ́kọ́ wá tòkúnbọ̀ tí ó dára ní Gate ní Ìbàdàn, tàbí ní Ládípọ̀ ní Èkó. Wẹ́dà lè fẹ́ jó èyí tí ó sán pọ̀. Irin dídà kì í gba jíjó lásán. Bí ó bá ti tutù, a tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a jó. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí tòkúnbọ̀, tàbí tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ni tiyín tí ẹ fẹ́ kí ó mí dáadáa, ẹ lè ra páìpù oníka mẹ́rin.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dání, bí ó tilẹ̀ ya. Ẹ fi lé ojú èyí tí ẹ fẹ́ rà. Ihò gbọ́dọ̀ bá ihò mu, ojú nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ bá ojú nọ́ọ̀tì mu. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì 504 tí ó ń lo epo bẹntiróòlù wà ní 1.8, ó sì wà ní 2.0. Ẹni tí ó bá lè ka nọ́ńbà méjì yìí kò ní í jẹ́ kí ọlọ́jà fọwọ́ lé òun lórí pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo irin pẹrẹsẹ tí nọ́ọ̀tì ń gbà kọjá. Kí ó nípọn tó mìlímítà 8 sí 10. Èyí tí ó bá fẹ́lẹ́ yóò ká bí ewé nígbà tí iná bá rà á. Ẹ gbé e lé orí gíláàsì tí ọlọ́jà ń tò ọjà sí. Bí ó bá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ dá a padà. Páìpù fúnra rẹ̀, kí ó nípọn tó mìlímítà kan àbọ̀ sí méjì. Bí ẹ bá fi èékánná kàn án tí ó dún bí agolo, agolo náà ni, ì báà máa dán bí dígí. Ihò páìpù kò gbọdọ̀ kéré ju ihò ara tọ́ọ̀pù sìlíńdà lọ. Kò sì yẹ kí ó fẹ̀ jù, nítorí odò tí ojú rẹ̀ fẹ̀ kì í sáré. Nǹkan bí íńṣì kan àbọ̀ ti tó fún irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ọkọ̀ tí ń ru ẹrù gun òkè nílò agbára nígbà tí ó ń rọra lọ, páìpù tí ó gùn tí kò sì fẹ̀ jù ni ó ń fún un.

Bí ó bá jẹ́ pé wẹ́dà ni yóò ṣe é, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lo páìpù omi. Ohun funfun tí wọ́n fi bo páìpù omi kí ó má baà dípẹtà, síńkì ni. Bí iná bá jó o, èéfín rẹ̀ a máa fa ibà, òtútù àti ìrora àyà fún wẹ́dà lálẹ́ ọjọ́ náà. Irin dúdú tí a kò bo nǹkan mọ́ ni kí ó wá.

Nísisìyí ó kan dídè. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ yọ orí bátìrì kan. Láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni ẹ ti ń kán epo sí ìdí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, nítorí nọ́ọ̀tì tí iná ti ń sè láti ogójì ọdún kì í fẹ́ yí. Ẹ má ṣe fi ìbínú yí i. Bí irin rẹ̀ bá kán sínú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, owó àtiyọ rẹ̀ lè ju owó páìpù lọ.

Bí ẹ bá ti tú ti àtijọ́, ẹ fi aṣọ dí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ìdọ̀tí má baà bọ́ sínú. Ẹ ka iye aṣọ náà. Iye tí ẹ fi sínú ni kí ẹ kó jáde. Ẹ fi omi rin gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kí ẹ tó há a kúrò, ẹ má sì fẹ́ ekuru rẹ̀ sí ojú ara yín. Òmíràn nínú wọn ní asbestos nínú, ekuru rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ lò. A ti rí ibi tí wọ́n gé páálí bàtà sí i. Kò ju ọjọ́ kan lọ tí ó fi jó.

Ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé kí ẹ tó mú sípánà. Àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, kí ẹ máa lọ sí ìparí ọ̀tún àti òsì. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kí ẹ tún padà sí àárín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fún ìparí kan tán pátápátá kí ẹ tó dé ìkejì, ìkejì yóò gbé orí sókè, yóò sì máa jò. Ẹ wo rọ́bà epo, rọ́bà bíréèkì àti wáyà. Ẹ́ńjìnnì a máa mì nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kí àyè tí ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín wọn àti páìpù. Ẹ fi rọ́bà so ìsàlẹ̀ páìpù kọ́ sí ara ọkọ̀. Bí ó bá kàn ń ṣe dirodiro, ọrùn rẹ̀ yóò sán.

Ẹ wakọ̀ náà lọ síwá-sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì tún fún nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n bí igbá àtijọ́, ó dára. Bí ó bá funfun, atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbóná. Kí mẹkáníìkì tún kábúrétọ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí jíjò. Nínú èéfín ẹ́ńjìnnì, gáàsì kan wà tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Carbon monoxide ni orúkọ rẹ̀. Ó ń gba àyè atẹ́gùn rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí yóò kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì yóò máa kọ́ni, èébì yóò máa gbéni, àárẹ̀ yóò sì mú ni. Awakọ̀ a rò pé ibà ni. Ọmọ tí ó sùn sẹ́yìn ọkọ̀ kò ní lè sọ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Bí irú èyí bá mú ju ẹnì kan lọ nínú ọkọ̀, ẹ dúró, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ sínú atẹ́gùn, kí ẹ sì gbé ẹni tí kò bá tètè yé rí sára lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tí a tì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, iṣẹ́ kan náà ni òun náà ń ṣe.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bí páìpù bá ń jò nìyí. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ tan án ní ìta, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ sì dẹtí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́ kékeré tí ó ń dínkù bí ó ti ń gbóná, ó ń jò. Ẹ da omi ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀ kí ó tó gbóná. Ibi tí ó bá ń hó, ibẹ̀ ni. Ẹ sì wo bí dúdú bá fà níbì kan lára tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Ihò tí ó bá wà lára irin tí ó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀, ẹ dí i, ì báà ṣe ojú wáyà.

Ó ku ohun kan fún àwa ará ọ̀dàn. Páìpù yìí a máa rẹlẹ̀ ju irin dídà lọ, ó sì gbóná púpọ̀. Nígbà ọyẹ́, bí ẹ bá wa ọkọ̀ wọ oko, ẹ má ṣe gbé e sórí koríko gbígbẹ. Ẹ wá ilẹ̀ pípá, tàbí kí ẹ fi àdá ṣán koríko ibẹ̀ kí ẹ sì gbá a kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀ títí páìpù yóò fi rọjú díẹ̀.