Àlàó, Kí Ẹ Tó Dá Ọjọ́ Ìdána

Àlàó ọmọ mi,

Ìyá rẹ pè mí lálẹ́ àná pé ẹ ti fẹ́ dá ọjọ́ ìdána. Inú mi dùn púpọ̀. Ó ní ẹ ti ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù, pé AA ni ìwọ, AS ni ìyàwó wa, ọkàn gbogbo ilé sì ti balẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìwé jínótáìpù kò sọ nǹkan kan nípa àrùn tí tọkọtaya máa ń kó ran ara wọn lórí ibùsùn, ó sì dá mi lójú pé ojú ò ní jẹ́ kí ìyá rẹ bá ọ sọ ọ́. Èmi tí mo ṣe nọ́ọ̀sì, tí mo ṣe agbẹ̀bí títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi ló yẹ kí n sọ ọ́.

Kí ẹ tó dá ọjọ́ náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò HIV, rẹ́kórẹ́kó tí àwọn dókítà ń pè ní syphilis, àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B àti C, àtọ̀sí, àti chlamydia. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì yín máa béèrè ìwé HIV kí wọ́n tó so yín pọ̀. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré nìyẹn nínú wọn, ó sì sábà máa ń bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ti pín ìwé ìpè, tí aṣọ ẹbí ti wà lọ́wọ́ télọ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìròyìn tó le nírú àsìkò bẹ́ẹ̀?

O lè ní ara rẹ le, kò sí ibi tó ń dùn ọ́. Àwọn àrùn wọ̀nyí kì í fi dandan dunni. Bí àtọ̀sí bá mú ọkùnrin, ó sábà máa ń mọ̀, torí ìtọ̀ á máa ta á, ọyún á sì máa jáde lójú nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀. Obìnrin tó ní àtọ̀sí kan náà lè má rí àmì kankan. Ní ti chlamydia, àwọn méjèèjì lè má mọ̀ rárá, kòkòrò náà á sì máa gòkè lọ sínú ilé ọmọ títí á fi dí ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà kọjá.

Rẹ́kórẹ́kó tún ní àrékérekè tirẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí èèyàn bá kó o, egbò kékeré kan á yọ, kò ní dùn ún. Á jinná fúnra rẹ̀, onítọ̀hún á sì máa dúpẹ́ pé Ọlọ́run ti wo òun sàn. Irọ́ ni, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá yá, ara lè sú, títí kan àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ìyẹn náà á tún pa rẹ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ó lè bá ọkàn tàbí ọpọlọ jà. Bí aláboyún bá ní i, ó lè pa ọmọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì kan ṣoṣo tó fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ti gba òkú ọmọ sọ́wọ́ rí nítorí àrùn yìí, ó ṣì ń dùn mí dòní.

Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe gba ọ̀dọ̀ alágbo tàbí kẹ́míìsì ìta lọ. Bí ìtọ̀ bá ti ń ta àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa, wọ́n á ra tetracycline tàbí Ampiclox mélòó kan, tàbí kí wọ́n mu àgbo àtọ̀sí ní gáréèjì. Kòkòrò àtọ̀sí ti mọ́ tetracycline àti pẹnisílíìnì lára, agbára wọn kì í sábà ká a mọ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń lo abẹ́rẹ́ ceftriaxone. Kódà bí oògùn tí ọ̀kan nínú wọn rà bá ṣiṣẹ́, bí kò bá sọ fún obìnrin tí wọ́n jọ ń sùn, á tún padà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí ìyàwó ilé tó ń sunkún ní ọ́fíìsì dókítà nítorí pé ọmọ kò dé, tí ìyá ọkọ ń fojú burúkú wò ó, kí ọkọ tó wá jẹ́wọ́ níkẹyìn pé òun ti tọ́jú àtọ̀sí níkọ̀kọ̀ kí àwọn tó fẹ́ra. Ara tirẹ̀ ti yá. Ilé ọmọ ìyàwó ló san gbèsè.

Wọ́n tún lè sọ fún yín ní láàbù kan pé "sítáfù" ló ń ṣe yín, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ yín láti fọ̀ ọ́ dànù. Ara àti imú ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn dá ṣáṣá ni kòkòrò yẹn ń gbé, kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń sọ pé inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ làwọn ti kó àtọ̀sí: kòkòrò rẹ̀ kì í pẹ́ kú tó bá ti kúrò lára èèyàn. Ilé ìwòsàn ìjọba ni kí ẹ lọ. Ní Ìbàdàn níbí, UCH ní Special Treatment Clinic tí wọ́n dìídì yà sọ́tọ̀ fún irú àrùn báyìí. Ẹ má fi ara pamọ́ bí ẹ bá débẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ ti rí ohun tó ju tiyín lọ.

Mo mọ̀ pé HIV ló máa dẹ́rù bà ọ́ jù. Nígbà tí Fẹlá kú lóṣù August 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló jáde sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ló pa á. Ìdílé mìíràn ì bá bò ó mọ́lẹ̀. Mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Lónìí, oògùn wà, ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé tí kòkòrò náà kò fi hàn mọ́ nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ní kó o ran ẹnì kejì rẹ̀ nípasẹ̀ ìbálòpọ̀, ó sì lè bímọ tí ara rẹ̀ dá. Bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta tí ẹnì kan nínú yín ti wà nínú ewu, kí ẹ tún àyẹ̀wò HIV ṣe tó bá pé, torí èyí àkọ́kọ́ lè má tíì rí i.

Ní ti mẹ́dọ̀wú oríṣi B, wọ́n ti bí ọ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó wọ ètò àjẹsára ọmọdé lọ́dún 2004. Bí àrùn náà kò bá sí lára rẹ, gba abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta: lójọ́ kìn-ín-ní, lẹ́yìn oṣù kan, àti lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Títí àbájáde á fi dé, ẹ ní sùúrù. Bí sùúrù bá nira, ẹ lo rọ́bà. Wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, má tọ́jú rẹ̀ sínú pọ́ọ̀sì àpò ẹ̀yìn níbi tí ooru ti máa bà á jẹ́, má sì fi Vaseline tàbí òróró pa á, ó máa bẹ́.

Má rán ìyàwó wa lọ ní òun nìkan bí ẹni tó ń fura sí i. Bí wọ́n bá rí nǹkan lára rẹ̀, má bi í léèrè ta ló kó o ràn án. Ó lè ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ó sì lè jẹ́ ọwọ́ rẹ ló ti gbà á. Kí ẹ gba ìtọ́jú pọ̀, kí ẹ sì yẹra fún ara yín bí dókítà bá ṣe ní kó pẹ́ tó. Bó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n rí i lára rẹ, òun ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, ṣáájú ìyá rẹ, ṣáájú èmi.

Mo ti fi owó àyẹ̀wò ẹ̀yin méjèèjì ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ. Àbájáde jẹ́ tiyín, ẹ má fi hàn mí. Kí o ṣáà pè mí pé ẹ ti lọ.

Èmi ni,
Màmá Ìbàdàn rẹ