Títún Ètò Ẹ̀rọ Orin Ilé Ṣe Láì Sọ Àkójọ Orin Nù

Àwọn àgbà a máa wí pé, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń tọ́jú orin nínú ilé mu pátápátá.

Ìlú onílù ni Ẹdẹ. Ọba John Adétòyèsè Láoyè, tí ó jẹ́ Tìmì láti ọdún 1946 sí 1975, mọ ìlù lù tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn dé òkè òkun. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò ṣe àjèjì kí agbo ilé kan gba ohùn dùndún àwọn àgbà wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì kó o sínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ará ilé ń lò. Bí onílù bá ti kú, ohùn tí a gbà sílẹ̀ nìkan ni ó kù. Bí ìyẹn náà bá nù, kò sí ibi tí a ó ti rí òmíràn.

Ní ọjọ́ kan, ẹ̀rọ lè ṣàdédé yarí. Ohùn lè kọ̀ láti jáde. Ọmọ tí kò ní sùúrù a nawọ́ sí ibi tí a ti ń pa ohun gbogbo rẹ́. Àṣìṣe ńlá ni èyí.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni fáìlì orin fúnra rẹ̀. Èkejì ni àkọsílẹ̀ orúkọ orin àti ibi tí ó wà. Ẹ̀kẹta ni ètò, bí èdè, ohùn àti ìrísí ojú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀kẹta bá dàrú, kò yẹ kí a fọwọ́ kan méjì ìyókù.

Àpẹẹrẹ kan ni Kodi, tí a ń pè ní XBMC kí ó tó gba orúkọ tuntun ní ọdún 2014. Nínú fódà rẹ̀ tí ń jẹ́ userdata, guisettings.xml ni ó ń pa ètò mọ́, fódà Database ni ó gba àkọsílẹ̀, sources.xml sì ń tọ́ka sí ibi tí orin wà.

Ẹni tí yóò tún un ṣe yóò kọ́kọ́ pa Kodi, nítorí pé nígbà tí ó bá ń kú ni ó ń kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò ṣe ẹ̀dà userdata àti orin sórí dísìkì mìíràn. Yóò wá yí orúkọ guisettings.xml padà, kò ní pa á rẹ́. Bí ó bá tún tan Kodi, yóò dá ètò tuntun sílẹ̀, orin yóò sì wà níbẹ̀. Ohùn, èdè àti pínpín orin fún àwọn yàrá yòókù ni yóò tún tò. Bí nǹkan kò bá gún, yóò pa Kodi, yóò sì dá fáìlì àtijọ́ padà sípò.

Kí ó má ṣe sọ pé kí Kodi gbá àkọsílẹ̀ mọ́ nígbà tí dísìkì orin kò sí lára ẹ̀rọ, nítorí pé ó lè yọ orúkọ orin tí kò bá rí kúrò.

Ọlọ́gbọ́n a máa ṣe ẹ̀dà kí ó tó ṣe àtúnṣe.