Ojú-Ewé Tí Kì Í Dá Ènìyàn Dúró

Kò sí ohun tí ó ń tán ènìyàn ní sùúrù bí ìdúró tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó wọ ìsọ̀ aláṣọ, tí ó kí onísọ̀, tí onísọ̀ kò sì dáhùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi yà sí ìsọ̀ kejì. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ènìyàn bá fi ìka kan ojú fóònù rẹ̀, tí ohun tí ó ń wá kò jáde, ọkàn rẹ̀ a dàrú. Kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí òun rán ti dé ibi tí ó ń lọ ni, tàbí ó ti sọnù sọ́nà. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò yẹ ohun tí ń fa irú ìdúró bẹ́ẹ̀ wò, a óò sì wo ọgbọ́n àti irinṣẹ́ tí àwọn tí ń kọ́ ìkànnì fi ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó wà nítòsí ìlú Geneva, kọ́kọ́ gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ nípa ojú-ewé tí a lè so pọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn. Nígbà tí ó fi di ọdún 1991, ó ti ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ará ìta. Kíkà nìkan ni a ń ka àwọn ojú-ewé ìgbà náà. Bí òǹkàwé bá fẹ́ ohun tuntun, bí ó ti wù kí ó kéré tó, odindi ojú-ewé mìíràn ni a gbọ́dọ̀ gbé wá fún un. Ó dà bí ìgbà tí oníbàárà ní kí olóúnjẹ fi ẹran kan kún oúnjẹ òun, tí olóúnjẹ sì gbé àwo náà, tí ó da gbogbo rẹ̀ nù, tí ó lọ tẹ ẹ̀bà mìíràn, tí ó sì bu ọbẹ̀ mìíràn sí i.

Ní ọdún 1995, Brendan Eich, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Netscape, fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣe èdè kan tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, èyí tí a mọ̀ lónìí sí JavaScript. Èdè yìí ni ó jẹ́ kí ojú-ewé lè ṣe nǹkan fúnra rẹ̀ nínú aṣàwákiri, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń ṣí ojú-ewé, bí Chrome àti Firefox. Ní ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ Microsoft fi agbára mìíràn kún aṣàwákiri tirẹ̀: ó lè rán ìránṣẹ́ lọ sẹ́yìn láti béèrè ohun kékeré, kí òǹkàwé sì máa bá ohun tí ó ń ṣe lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ iyì ọgbọ́n yìí títí di oṣù kejì ọdún 2005, nígbà tí Google Maps jáde. A gé àwòrán ilẹ̀ ayé sí ègé onígun mẹ́rin kéékèèké. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ fà á, kìkì ègé tí kò tíì sí níwájú rẹ̀ ni a ń lọ gbé wá. Nínú oṣù kan náà ni Jesse James Garrett sọ ọgbọ́n náà ní orúkọ, ó pè é ní Ajax. Láti ìgbà náà ni ojú-ewé ti kúrò ní ohun tí a ń kà, tí ó di ohun tí a ń bá ṣiṣẹ́.

Kí ni ó wá ń fa ìdúró? Èkíní ni ọ̀nà jíjìn. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Èkó, tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a tọ́jú ojú-ewé sí, sì wà ní London. Bí a bá fa ìlà tààrà láti ìlú kan dé èkejì, ó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé iṣẹ́ náà kọjá nínú okùn gíláàsì tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun, ìmọ́lẹ̀ sì ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà nínú gíláàsì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 10,000 kìlómítà. Nítorí náà, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ dára tó, ìrìn-àjò kan kò lè yá ju ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá lọ.

Èyí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò kan kọ́ ni. A kì í wọ ilé onílé kí a sì máa sọ ohun tí a bá wá láìkí ẹnikẹ́ni. Aṣàwákiri ní láti kọ́kọ́ kí sáfà, kí sáfà sì dá a lóhùn. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò fohùn ṣọ̀kan lórí àṣírí tí wọn yóò fi bo ọ̀rọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń di àrokò tí ẹlòmíràn kò lè tú. Ìgbà náà ni yóò tó béèrè ojú-ewé. Bí ojú-ewé náà bá sì dé, tí ó ní òun kò pé láìsí àwòrán, tí kóòdù rẹ̀ náà tún ní òun ń fẹ́ kóòdù mìíràn, ìrìn-àjò yóò máa gorí ìrìn-àjò. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ṣe ìlànà tuntun tí ń jẹ́ HTTP/3, èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ní ọdún 2022. Nínú rẹ̀, ìkíni àti àdéhùn àṣírí di ìrìn-àjò kan ṣoṣo.

Ìwòsàn kejì fún ọ̀nà jíjìn ni ìpamọ́. Ilé tí ó jìnnà sí odò kì í rán ọmọ lọ sódò nígbàkigbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹnìkan. Wọn a pọn omi sínú àmù. Bẹ́ẹ̀ ni aṣàwákiri ń pa àwòrán àti kóòdù tí kì í tètè yí padà mọ́ sínú fóònù. Bí akọ́lé ìkànnì bá sì fi ètò kékeré kan tí ń jẹ́ service worker síbẹ̀, ojú-ewé tí a ti ṣí rí lè tún ṣí nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ pátápátá. Láti ọdún 1998 tí a ti dá ilé-iṣẹ́ Akamai sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni àwọn kan ti ń fi títọ́jú ẹ̀dà ojú-ewé sí ọ̀pọ̀ ìlú ṣe iṣẹ́, kí ó lè súnmọ́ àwọn tí yóò lò ó. Irú àká bẹ́ẹ̀ wà ní Èkó lónìí. Ṣùgbọ́n omi inú àmù kò ṣe é mu bí ó bá pẹ́ jù. Akọ́lé gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó yẹ ní pípamọ́ àti iye ìgbà tí yóò fi pamọ́. Àmì ilé-ẹ̀kọ́ lè wà nípamọ́ fún ọdún kan. Iye owó tí ó kù nínú àpò oníbàárà ní báńkì kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tí ń fa ìdúró ni ẹrù. Ẹni tí ó ru ẹrù wúwo kò lè sáré bí ẹni tí ó fa ọwọ́ lásán. Àwòrán tí a yà pẹ̀lú kámẹ́rà òde òní lè wúwo ju gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé ńlá kan lọ. Ó yẹ kí a dín in kù sí ìwọ̀n ojú fóònù tí yóò gbà á, kí a fún ọ̀rọ̀ àti kóòdù pọ̀ kí a tó rán wọn, kí a sì jẹ́ kí àwòrán tí ó wà nísàlẹ̀ dúró títí òǹkàwé yóò fi súnmọ́ ọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni èyí. Ká ní ọmọ kan ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tí ìforúkọsílẹ̀ yóò sì parí ní agogo méjìlá òru. Fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó yá, èrè ọjà ìyá rẹ̀ ni ó sì fi ra dátà. Ojú-ewé náà gbé fídíò kan àti àwòrán ńláńlá mẹ́ta ṣáájú àpótí tí ó yẹ kí ó kọ orúkọ sí. Dátà tán kí àpótí náà tó yọjú. Kì í ṣe pé ọmọ yìí kò mọ̀wé, kì í sì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Ẹni tí ó kọ́ ojú-ewé ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ohun kẹta ni iṣẹ́ inú aṣàwákiri fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń dá ṣe iṣẹ́ JavaScript fún ojú-ewé kan, òun náà ni ó sì ń dá ènìyàn lóhùn bí a bá fọwọ́ kàn án. Ó dà bí onígbàjámọ̀ kan tí kò ní ọmọṣẹ́: bí ó bá tẹ orí ba irun tí ó ń fá, ẹni tí ó ń kí i lẹ́nu ọ̀nà yóò rò pé ó gbéra ga ni. Ọgbọ́n tí a ń dá sí i ni kí a gé iṣẹ́ gígùn sí wẹ́wẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà lè máa gbé orí sókè láàrin méjì. Iṣẹ́ tí ó bá gùn ju ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá lọ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní iṣẹ́ gígùn. Èyí tí ó bá wúwo jù, a lè gbé e fún ọmọṣẹ́ tí ń jẹ́ Web Worker.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà ni àwọn akọ́lé fi ń lo kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀. John Resig gbé jQuery jáde ní ọdún 2006. Facebook sì fi React lé aráyé lọ́wọ́ ní ọdún 2013. React a máa fi bí ojú-ewé ti yẹ kí ó rí wé bí ó ti rí tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ nìkan ni yóò sì fọwọ́ kàn. Irinṣẹ́ rere ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n àwọn náà ní ìwọ̀n ẹrù tiwọn. Kò yẹ kí a gbé katakata lọ sí ibi tí ebè kan ṣoṣo wà.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ojú-ewé wa yá? Wíwọ̀n ni a ń wọ̀n ọ́n. Jakob Nielsen kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1993 pé bí ẹ̀rọ bá dáhùn láàrin 0.1 ìṣẹ́jú-àáyá, ènìyàn yóò rò pé lójú ẹsẹ̀ ni. Bí kò bá ju 1 lọ, èrò ọkàn rẹ̀ kò ní já. Bí ó bá ju 10 lọ, ọkàn rẹ̀ ti lọ sí ibòmíràn. Google náà ti fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ lélẹ̀: kí ohun tí ó tóbi jù lójú-ewé yọ láàrin 2.5 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ojú-ewé sì dá ẹni tí ó fọwọ́ kàn án lóhùn láàrin 0.2. Irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Lighthouse wà nínú Chrome tí yóò wọn ojú-ewé, tí yóò sì sọ ibi tí ó kù sí. Aṣàwákiri kan náà lè ṣe bí ẹni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, kí akọ́lé tí ó ní kọ̀ǹpútà olówó iyebíye lè rí ohun tí ẹni tí ó wà ní abúlé ń rí.

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí yóò bá kọ́ ìkànnì, kí ó kọ́kọ́ wo ilé àwọn tí yóò lò ó: irú fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wọn, bí sáfà ti jìnnà sí wọn tó, àti ohun tí dátà ń ná wọn. Bí ó bá ti mọ èyí, yóò mọ ẹrù tí ó yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀, ọmọ tí ó ń forúkọ sílẹ̀ yóò sì rí àpótí rẹ̀ kí agogo méjìlá tó lù.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ojú-ewé ọdún 1991 àti ti ẹ̀yìn ọdún 2005?
2. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ń fa ìdúró, kí o sì sọ ìwòsàn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.
3. Bí sáfà kan bá jìnnà sí ọ 3,000 kìlómítà, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni àlọ àti àbọ̀ kan yóò gbà, ó kéré tán?
4. Kí ni òǹkọ̀wé fi àmù àti onígbàjámọ̀ ṣe àpèjúwe?
5. Kọ àròkọ kan lórí àkọlé yìí: “Ẹni tí ó kọ́ ojú-ewé ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.” Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀? Sọ ìdí rẹ.