Àròkọ Aṣàlàyé: Orúkọ Tí Ó Ti Ara Iṣẹ́ Wá

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí olùkọ́ bá ń pe orúkọ ní kíláàsì ní Kétu tàbí Ìkòsì, ó lè pe Àyàndélé, Ọdẹ́wálé àti Crowther. Orúkọ iṣẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdílé onílù ni Àyàn. Ìdílé ọdẹ ni Ọdẹ́. Ní ti Crowther, ẹni tí ń lo ohun èlò orin olókùn tí ó jọ gòjé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Orúkọ náà wọ́pọ̀ ní Yorkshire.

Báwo ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, ni ó gbà á nígbà ìrìbọmi ní Sierra Leone ní 1825. Orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ni. Ní 1864, Àjàyí di bíṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ìwàásù àti ìtumọ̀ Bíbélì ni a fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orin.

Nítorí náà, Àyàn ń sọ iṣẹ́ ilé ẹni; Crowther ń sọ ìtàn ìrìnàjò.

Àkíyèsí: Akẹ́kọ̀ọ́, má ṣe fi orúkọ nìkan mọ iṣẹ́ ẹni. Wádìí ìtàn rẹ̀ kí o tó kọ ọ́. Ibẹ̀ ni máàkì wà.