Ìyàtọ̀ Inú Irúgbìn Tòmátì

Púpọ̀ nínú wa ní ìlú Bìní ló ń gbin tòmátì díẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí à ń rà lọ́jà ti ń wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná àti Kánò, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pàjáwìrì. Tòmátì wọ́n gógó. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ wa fi dá lórí irúgbìn.

Bí a bá gbin tòmátì mẹ́wàá, wọn kì í rí bákan náà. Òmíràn ga, òmíràn kúrú. Òmíràn so púpọ̀, òmíràn so díẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ìyàtọ̀ yìí ń gbà wá. Èkíní ni èyí tí ilẹ̀, omi àti ìtọ́jú fà. Èkejì ni àbímọ́, èyí tí igi náà jogún. Àbímọ́ nìkan ni ọmọ lè jogún. Bí a bá mú hóró tòmátì etí ààtàn lọ gbìn sí ilẹ̀ tó ti ṣá, ọ̀rá ààtàn kò ní bá a débẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Àwọn onímọ̀ a máa gbin oríṣiríṣi tòmátì sí ilẹ̀ kan náà, lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú ajílẹ̀ kan náà. Wọ́n á wọn gíga wọn, wọ́n á ka ọjọ́ tí wọ́n yọ òdòdó, wọ́n á ka èso, wọ́n á sì gbé e lé ìwọ̀n. Wọ́n á tún un ṣe níbòmíràn. Ìyàtọ̀ tó bá ń hàn níbi gbogbo, àbímọ́ ni. NIHORT, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975, wà lára àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Níbi tí kò bá sí ìyàtọ̀, kò sí ohun tí a fẹ́ ṣà. Òdòdó tòmátì sábà máa ń gba ara rẹ̀ lóyún, nítorí náà ọmọ a máa jọ ìyá, oríṣi a sì máa há. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ wá ìbátan rẹ̀ lọ sínú ìgbẹ́ ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí èso rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró àgbàdo lọ. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí agbára láti kojú àrùn Fusarium, tó ń mú igi tòmátì rọ. Agbára yìí ni lẹ́tà F dúró fún lára Roma VF tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀. Ní 1944, tòmátì ìgbẹ́ mìíràn fún wa ní agbára láti kojú aràn tín-ín-tín tó ń sọ gbòǹgbò di kókó. Èso tí ẹnikẹ́ni kò ní rà lọ́jà ló gba èyí tí à ń jẹ là.

Kí ni tiwa níbẹ̀? Nígbà òjò níhìn-ín, tòmátì a máa ṣàdédé rọ pẹ̀lú ewé tútù lára. Bí mẹ́sàn-án bá kú tí ọ̀kan dúró, ẹ má jẹ gbogbo èso rẹ̀. Ẹ fi hóró rẹ̀ sínú omi ara rẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi ìbòòji. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ àwọn mìíràn, nítorí ó lè jẹ́ pé orí ló yọ ọ́ lọ́jọ́sí. Ṣùgbọ́n hóró àmúlùmálà tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù kì í bí ọmọ tó jọ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá sì lọ sílé fún ọdún, ẹ béèrè tòmátì ìbílẹ̀, èyí tó rí ègé-ègé lára, tó sì kan lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń fi í sílẹ̀ nítorí pé ọjà fẹ́ èyí tó ń dán. Ẹ bá wa mú hóró rẹ̀ bọ̀. Irúgbìn tó bá ti parun, owó kò lè rà á padà.