Egbò Tó Ń Ta Omi Lára Ajá Aṣọ́lé

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, bàbá kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá, ó ní kí n bá òun wá oògùn ajá. Alsatian tó ń ṣọ́ ilé wọn ní egbò nídìí ìrù. Lálẹ́ àná kò ju ojú kọ́bọ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti tó àtẹ́lẹwọ́. Irun ibẹ̀ ti re, ó pupa, ó gbóná, ó ń ta omi, ó sì ń rùn. Bàbá ti da kẹrosíìnì sí i. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ajá bù ú jẹ.

Ó tún bi mí bóyá ó tọ́ kí Mùsùlùmí máa fọwọ́ tọ́jú ajá. Ajá ọdẹ, ajá oko àti ajá ẹran ọ̀sìn ni hádíìsì yọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ onímímọ̀ sì ka ajá aṣọ́lé mọ́ wọn. Ṣebí a mọ ìtàn ọkùnrin tó sọ̀kalẹ̀ sínú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́hun sì tìtorí rẹ̀ dárí jì í. Ní ti itọ́ ajá lára aṣọ ìrun, ẹ bi Aáfà yín. Èmi máa ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo sì ní aṣọ iṣẹ́ tó yàtọ̀.

Ajá fúnra rẹ̀ ló ń sọ egbò yìí di ńlá. Nǹkan kan á yún un, á lá a, á họ ọ́, á fi eyín ha á, kòkòrò àìfojúrí á sì rí ọ̀nà wọlé. Ajá onírun púpọ̀ tí òjò pa tí kò gbẹ ló máa ń bá jù. Bó bá wà nídìí ìrù tàbí lẹ́yìn, ẹ wá eégbọn àti kòkòrò tí ń fò nínú irun. Bó bá wà lábẹ́ etí, ẹ wo inú etí náà, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ló ń dùn ún.

Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ di ẹnu rẹ̀, torí ìrora kì í jẹ́ kí ajá mọ olówó rẹ̀. (Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ nítorí dìgbòlugi.) Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé irun yí egbò náà ká títí tí awọ tó dára á fi hàn. Ẹ po ṣíbí tíì kan iyọ̀ mọ́ ìdajì lítà omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù, ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ rọra fi aṣọ mímọ́ tẹ omi ibẹ̀ gbẹ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ gé ìdí ike kékeré kan, kí ẹ fi kọ́ ọ lọ́rùn, kó má lè lá egbò. Bí kò bá dín láàárín ọjọ́ méjì, tàbí tí ajá kò jẹun mọ́, ó di ti dókítà ẹranko.

Kẹrosíìnì, ọ́ìlì ọkọ̀, Izal àti oògùn ẹ̀fọn olómi, gbogbo rẹ̀ ni ajá á lá wọnú. Àwọn kan tún máa ń ra parasítámọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen lọ́wọ́ mi fún ajá. N kì í tà á fún wọn, torí ibuprofen lè dá ọgbẹ́ sí i nínú, kó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Egbò yìí kì í ran ènìyàn. Làpálàpá ajá ló ń ranni: ojú rẹ̀ rí róbótó, ó gbẹ, ó ń fún bí èérí. Ìyá kan ti ra ìpara làpálàpá fún ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó bi í bóyá ajá wà nílé. Kòkòrò mìíràn tún wà tó ń gbẹ́ ihò sínú awọ. Etí àti ìgbọ̀nwọ́ ajá ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, a sì máa mú kí apá àti ikùn ẹni tó bá gbé ajá náà máa yún un.

Dókítà ẹranko rí kòkòrò tí ń fò lára Alsatian bàbá yẹn. Wọ́n tọ́jú ajá, wọ́n sì dáná sun àpò ìrẹsì tó ń sùn lé.